Àwọn Tí Ń Kọ́ Òwò ní Erúwà, àti Àwọn Tí Ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà Wọn

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń gbọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé nígbà tí èsì ìdánwò àwọn ọmọ bá jáde. Bàbá yóò ní kí ọmọ lọ kọ́ iṣẹ́ òwò ní ilé-ìwé gíga, ìyá, tí ó ti ń ta láfún láti ìgbà èwe rẹ̀, yóò sì dáhùn pé, "Kí ni wọn yóò kọ́ ọ níbẹ̀ tí èmi kò lè kọ́ ọ ní ìsọ̀ mi?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n òmíràn a máa tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Ta ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé náà, èló ni a ó sì fi sí i lọ́wọ́?" Ìbéèrè kejì yìí ni ó ti kó ọ̀pọ̀ ilé sí ìyọnu. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ mú yín mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òwò, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbà wọ́n wọlé, kí olúkúlùkù lè mọ ẹni tí ó ń bá lò.

Bí a bá kúrò ní Ayétẹ̀, tí a gba Ìdèrè àti Igbó-Ọrà kọjá, a ó dé Erúwà, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe kan wà. Ẹ̀ka ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti Ìbàdàn ni tẹ́lẹ̀ rí. Ní ọdún 2014 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ ọ́ di ilé-ìwé tí ó dá dúró fúnra rẹ̀. Orúkọ olóògbé Olóyè Adéṣeun Ògúndóyìn, gbajúmọ̀ oníṣòwò ọmọ Erúwà, ni ó ń jẹ́ lónìí. Wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìṣirò owó, ìṣàkóso òwò àti ìmọ̀ ọjà títà wà lára ohun tí a mọ ilé-ìwé náà mọ́. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ orúkọ oníṣòwò ni a fi pè é.

Kí ni a wá ń kọ́ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Obìnrin kan ra oko ẹ̀gẹ́ ní ₦60,000. Ó ṣe é ní láfún, ó sì tà á ní ₦105,000. Ó dé ilé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun jèrè ₦45,000. Ṣùgbọ́n ó ti san ₦15,000 fún àwọn tí ó wú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì rù ú wálé, ó san ₦10,000 fún àwọn tí ó bó o tí wọ́n sì sá a, ó sì san ₦12,000 fún ọkọ̀ tí ó gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Èrè rẹ̀ di ₦8,000. Bí ó bá sì jẹ́ pé ₦10,000 nínú owó ọjà náà wà lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á ní àwìn, tí onítọ̀hún kò sì san án mọ́, kò sí èrè kankan. Obìnrin náà ti fi ₦2,000 ṣòfò nínú owó ara rẹ̀. Ó mọ ọjà. Ó mọ ènìyàn. Ó mọ láfún tí ó dára àti èyí tí kò dára. Ohun tí ó ṣẹ́kù fún un kò ju pé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì kà á. Èyí ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó. Ìyá ni ó kọ́ ọmọ ní òwò. Ilé-ìwé ni yóò kọ́ ọ ní ìwé òwò. Méjèèjì ni ó yẹ kí ọmọ ní.

Kì í ṣe lọ́dọ̀ wa nìkan ni a ti rò ó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1819 ni a dá ilé-ìwé òwò kan sílẹ̀ ní ìlú Paris tí ó ṣì wà títí di òní. Ní ọdún 1881 ni Joseph Wharton, oníṣòwò irin, fi owó dá ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ní Èkó, ọdún 1991 ni a dá Lagos Business School sílẹ̀, níbi tí àwọn tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ti ń padà jókòó bí ọmọ ilé-ìwé. Bí àwọn ọ̀gá bá lè padà lọ kọ́ ọ, ta ni àwa tí a ó fojú kéré rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á wá wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn. Oríṣi mẹ́ta ni àwọn tí ń wá irú ẹ̀kọ́ yìí. Èkínní ni ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ìwé girama, tí kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ohunkóhun. Ó yá lẹ́nu ìwé, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá sọ̀rọ̀ nípa gbèsè oníbàárà, orí ìwé nìkan ni ó ti mọ̀ ọ́n. Èkejì ni ẹni tí ó ti ṣòwò tàbí tí ó ti kọ́ṣẹ́ ọwọ́ fún ọdún díẹ̀ kí owó ilé-ìwé tó wà. Òun a máa dàgbà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ojú a sì máa tì í ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kọ́ bá dé orí èrè àti àdánù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ìyókù ń sá sí. Ẹ̀kẹta ni òṣìṣẹ́ tí ó ti wà nínú ọ́fíìsì, tí ó rí i pé ìwé-ẹ̀rí tí òun ní kò lè gbé òun kọjá ipò tí òun wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yín tí ó ti pẹ́ nílé rò pé ọjọ́ ti lọ.

Ọdún méjì ni wọn yóò lò kí wọn tó gba ìwé-ẹ̀rí ND. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ní báńkì, ní ilé iṣẹ́ tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba, kí wọn tó padà wá lo ọdún méjì mìíràn fún ìwé-ẹ̀rí HND. Ọdún kan tí ó wà láàárín yìí kì í ṣe ìsinmi. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ̀ bóyá ohun tí a kọ́ ọ bá ohun tí ń bẹ ní ayé mu.

Nísinsìnyí, a dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi ara balẹ̀ kà á, nítorí ibí ni owó àti ọdún ọmọ yín wà.

Ẹni àkọ́kọ́ kò sí ní Erúwà rárá. JAMB ni, ìgbìmọ̀ ìdánwò ìwọlé tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1978. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ọmọ yóò ṣe, máàkì 400 ni gbogbo rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn. Láti ọdún 2015 ni a ti ń ṣe gbogbo ìdánwò náà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni kejì ni akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé, lábẹ́ akọ̀wé àgbà ilé-ìwé. Òun ni ó ń kó orúkọ jọ, tí ó ń wo ìwé èsì bóyá òótọ́ ni, tí ó ń wò ó bóyá orúkọ tí ó wà lórí èsì bá ti ìwé ọjọ́ ìbí mu. Ẹni kẹta ni àwọn olùkọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà, tí wọ́n ń wò ó bóyá ohun tí ọmọ kọ́ bá ohun tí ó fẹ́ wá kọ́ mu. Ẹni kẹrin ni akápò, tí ń gba owó tí ó sì ń fún ni ní rìsíìtì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka akọ̀wé ìgbaniwọlé sí ọ̀tá. A kì í dá wọn lẹ́bi, nítorí òun ni ojú wọn rí nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá gún. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọmọ kan fẹ́ kọ́ ìṣirò owó, nígbà ìdánwò JAMB, ó yan èdè Yorùbá, ìmọ̀ ẹ̀sìn àti ìmọ̀ ìjọba mọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó fi ìṣirò àti ìmọ̀ ọrọ̀ ajé sílẹ̀ nítorí pé ó ń bẹ̀rù wọn. Máàkì rẹ̀ pọ̀, àyà rẹ̀ sì balẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé bá sọ fún un pé kò ṣeé ṣe, ìwà ìkà kọ́. A ti sé ilẹ̀kùn náà láti ọjọ́ tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹ̀kọ́. Kí a tó yàn án ni ó yẹ kí a bèèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Láti ọdún 2017, orí ètò kọ̀ǹpútà JAMB tí a ń pè ní CAPS ni a ń gba gbogbo ìgbaniwọlé kọjá. Ilé-ìwé yóò dárúkọ ọmọ, JAMB yóò fọwọ́ sí i, ọmọ fúnra rẹ̀ yóò sì wọlé síbẹ̀ láti sọ pé òun gbà. Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ púpọ̀ ni ó wà lórí ilẹ̀kùn yìí. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá wá sí ilé yín ní alẹ́, tí ó ní òun nìkan mọ ẹni tí yóò kọ orúkọ ọmọ yín sílẹ̀, tí ó sì ní kí ẹ kówó wá kí ilẹ̀ tó mọ́, irọ́ ni ó ń pa. Àwọn ilé kan ti ta oko ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún ọmọ ní ìwé tí ó ní òǹtẹ̀ rèǹtèrente, ọmọ sì wọ kíláàsì. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ ṣe agùnbánirọ̀, a kò rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé JAMB. Ta ni yóò dá ọdún wọ̀nyẹn padà fún un?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Kí òbí àti ọmọ jọ jókòó kí a tó yan ẹ̀kọ́ ìdánwò. Kí a kó ìwé ọjọ́ ìbí, èsì ìdánwò àti gbogbo rìsíìtì sínú àpò kan ṣoṣo. Kí ọmọ má ṣe fi ọ̀rọ̀ àṣírí tí ó fi ń wọ ojú ìwé JAMB rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí ohun kan bá rú yín lójú, ọ́fíìsì ìgbaniwọlé fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lọ ní ọ̀sán gangan, kí ẹ sì bèèrè. Kí a má ṣe fi ọmọbìnrin sẹ́yìn nítorí pé ó mọ ọjà tà. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tà gan-an ni ìwé òwò yóò wúlò fún jù.

Bí ọmọ náà bá sì parí, tí ó padà wá sí Ayétẹ̀, kí ìyá má ṣe jẹ́ kí ó tì í láti jókòó tì í ní ìsọ̀ ní ọjọ́ ọjà, kí ó mú ìwé jáde, kí ó sì bi í ní iye tí ọkọ̀ gbà.