Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọlúàbí: odidi ọ̀rọ̀ ni kí ẹ sọ fún un

  

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Bí ìyá bá wo ojú ọmọ níwájú àlejò, tó kàn mi orí díẹ̀, ọmọ tó gbọ́n ti mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ gba ẹran tí àlejò ń nà sí òun. Ìyá kò la ẹnu, ọmọ sì ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lórí ẹnìkan tí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í yé, tó sì wà nínú ilé gbogbo wa. Kọ̀ǹpútà ni.

Àwọn ọmọ wa ń kọ́ èdè kọ̀ǹpútà ní ilé ìwé, àwa òbí sì ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Oríṣi èdè kọ̀ǹpútà kan wà tí àwa akáńtáǹtì ti ń lò láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ̀ pé èdè kọ̀ǹpútà ni à ń sọ. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní declarative. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí a fẹ́ là ń sọ, a kì í sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe ṣe é.

Ọ̀nà méjì tí a fi ń júwe ilé

Bí àlejò bá ń bọ̀ láti Houston wá sí ilé yín, ọ̀nà méjì ni ẹ lè gbà júwe ilé fún un. Èkínní, ẹ lè ní: "Gba I-85, bọ́ sí I-285, jáde ní Memorial Drive, yà sí ọwọ́ ọ̀tún, tó o bá dé iná tráfíìkì kẹta, yà sí òsì." Èkejì, ẹ lè fún un ní àdírẹ́sì, kí fóònù rẹ̀ wá ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Púpọ̀ nínú èdè kọ̀ǹpútà dà bí ti àkọ́kọ́: ṣe èyí, lẹ́yìn náà ṣe tọ̀hún. Èdè declarative dà bí àdírẹ́sì. Àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà pa nítorí àtúnṣe, ẹni tí ẹ júwe ọ̀nà fún a dúró síbẹ̀ máa wò yọ̀ọ̀, ẹni tó ní àdírẹ́sì a gba ibòmíì wọlé.

Àmọ́ ẹni tó bá ti pẹ́ ní Atlanta mọ ewu ibẹ̀. Ẹ sọ fún onítakisí pé "Peachtree ni mò ń lọ", kí ẹ wò ó bóyá ẹ máa délé. Peachtree Street wà, West Peachtree Street wà, Peachtree Road wà, Peachtree Dunwoody Road wà, Peachtree Industrial Boulevard náà ń bẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun wá ọ̀nà gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tó ń lọ ní pàtó. Gbogbo ọgbọ́n inú iṣẹ́ yìí kò ju ìyẹn lọ.

Ìwé owó tó ń ṣírò ara rẹ̀

Ní 1978, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Harvard Business School tó ń jẹ́ Dan Bricklin ń ronú lórí wàhálà ìṣirò ojú pátákó: bí iye kan bá yí padà, àfi kí olùkọ́ pa gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e rẹ́, kó sì tún un kọ. Òun àti Bob Frankston ló ṣe VisiCalc, tó jáde ní 1979 fún kọ̀ǹpútà Apple II. Lotus 1-2-3 tẹ̀ lé e ní 1983, Excel sì dé ní 1985.

Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, a ó kọ sínú àpótí kan pé: ohun tó wà níbí ni àpapọ̀ gbogbo owó láti January dé December. Ó tán. A kò sọ pé kó mú èkínní, kó fi èkejì kún un, kó máa bá a lọ. Bí a bá wá rí i pé dọ́là 25 ni ẹnìkan san ní March, tí a sì ti kọ 20, a ó tún nọ́ńbà kan péré ṣe, àpapọ̀ a sì tún ara rẹ̀ ṣe, àti gbogbo ohun tó gbára lé àpapọ̀ náà. Ẹ̀yin ìyá tó ń kó àjọ, ẹ̀yin akápò ẹgbẹ́, bí ẹ bá ń lo ìwé yìí, èdè declarative ni ẹ ń sọ o jàre.

Ìbéèrè tí a bi ìwé ẹgbẹ́

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Edgar Codd ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní San Jose, ní ìpínlẹ̀ California. Ní 1970 ó kọ̀wé pé kí a máa to àkọsílẹ̀ sínú tábìlì olójú-ìlà, kí ẹni tó bá ń wá nǹkan má sì nílò láti mọ ibi tí ẹ̀rọ fi í pamọ́ sí. Ní 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, àwọn náà ní IBM, gbé èdè tí a fi ń bi irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè jáde. Òun là ń pè ní SQL lónìí. Bí ẹ bá wo iye tó kù ní bánkì, tàbí tí ẹ wá ìjókòó nínú bàálù tó ń lọ sí Èkó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irú ìbéèrè yìí ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa. Nígbà kan, ẹgbẹ́ kan tí a wà nínú rẹ̀ ní kí a bá wọn kó ìwé wọn sínú kọ̀ǹpútà. Tábìlì kan gba orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, èkejì gba owó tí wọ́n san. Nígbà tí ìpàdé kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n béèrè orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè. A bi ẹ̀rọ pé: mú orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí kò sí nínú ìwé owó ọdún yìí wá. Kí a tó ṣẹ́jú, ìdáhùn ti dé. A tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn.

Màmá kan wọlé, opó ni wọ́n. Àwọn ọmọdé ti ń ka orúkọ ara ògiri sókè bí ẹni ń ka ABD, wọ́n sì ka tiwọn. Màmá kò sọ nǹkan kan. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣí báàgì, wọ́n kó rìsíìtì jáde, wọ́n fi rọ́bà dè é, oṣù kọ̀ọ̀kan pé síbẹ̀. Orúkọ ọkọ wọn tó ti dolóògbé ló wà lórí gbogbo rẹ̀. Orúkọ Bàbá ni ilé náà fi ń san owó láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí Bàbá sì lọ tán, ọwọ́ Màmá kò gbé e láti yí i padà.

Kọ̀ǹpútà kò purọ́. Ohun tí a bi í ló dáhùn. Orúkọ tí kò sí nínú ìwé la bèèrè, bẹ́ẹ̀ ilé tí owó kò ti wá la fẹ́ mọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ọmọlúàbí ì bá ti mọ ohun tó wà lọ́kàn wa, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. A dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo ìpàdé, tàwa ti ìwé ẹ̀rí yunifásítì wa. Màmá ní: "Dìde, akáńtáǹtì. Nígbà míì, bi èmi náà kí o tó bi ẹ̀rọ."

Láti ọjọ́ náà, a fún ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, orúkọ yòówù kó wà lórí rìsíìtì. A tún ìbéèrè náà kọ. Kò sì sí orúkọ tó ń dé ara ògiri mọ́ láìjẹ́ pé ẹni méjì ti fi wé rìsíìtì.

Ẹ̀yin ọmọ, ta ni ẹ̀gbọ́n?

Ibi yìí jẹ́ tiyín. Ní 1972, ní ìlú Marseille nílẹ̀ Faransé, Alain Colmerauer àti Philippe Roussel ṣe èdè kan tó ń jẹ́ Prolog, pẹ̀lú ìmọ̀ Robert Kowalski tó wà ní Edinburgh nígbà náà. Nínú Prolog, ẹ ó kọ ohun tó jẹ́ òótọ́, ẹ ó kọ òfin, lẹ́yìn náà ẹ ó bèèrè ìbéèrè. A kọ ọ́ báyìí, láìfi àmì ohùn sí i:

obi(iya_ibeji, taye).
obi(iya_ibeji, kehinde).
saaju(taye, kehinde).
egbon(X, Y) :- obi(Z, X), obi(Z, Y), saaju(X, Y).

Ẹ ka ìlà ìkẹyìn báyìí: X jẹ́ ẹ̀gbọ́n Y, bí Z bá bí X, tí Z sì bí Y, tí X sì ṣáájú Y dé ayé. Ẹ kíyè sí i pé a kò bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Gẹ̀ẹ́sì ló ń bèèrè ìyẹn; Yorùbá fẹ́ mọ ẹni tó dàgbà. Òfin kan náà yìí lè sọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé, ó sì tún lè sọ ẹni tí Táyé jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún.

Ó yá, ẹ bi í: ta ni ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé? Yóò dáhùn pé Táyé ni. Ṣé ó tọ́? Ẹ lọ bi ìyá àgbà yín, kí ẹ gbọ́ ẹ̀rín. Nílẹ̀ wa, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò, ẹni tó ń ránni níṣẹ́ ló sì dàgbà ju ẹni tó ń jíṣẹ́ lọ. Ẹ ó rí i pé òfin wa kò pé. Àfi kí a yọ àwọn ìbejì sọ́tọ̀, kí a kọ òfin tiwọn. Kò sí kọ̀ǹpútà tó máa rán yín létí èyí. Ọmọ tí kò mọ àṣà ilé rẹ̀ kò lè kọ́ ẹ̀rọ ní àṣà náà.

Òfin tó ń sọ ọmọ ìlú

Ẹ má rò pé eré ọmọdé nìyí o. Ní 1986, Kowalski, Marek Sergot, Fariba Sadri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí iṣẹ́ wọn wà ní Imperial College ní London, tẹ iṣẹ́ kan jáde: wọ́n kọ òfin ọmọ ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1981 ní irú èdè Prolog. Òfin yìí kan àwa Yorùbá gan-an. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 January 1983, ọmọ tí wọ́n bá bí sí ilẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ ọmọ ìlú láìwo ti òbí. Láti ọjọ́ náà, ó di dandan kí ìyá tàbí bàbá jẹ́ ọmọ ìlú, tàbí kó ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀ títí. Ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n bí ọ̀kan sí London ní 1982, tí wọ́n bí èkejì ní 1984, ìdáhùn tiwọn lè má dọ́gba.

Àwọn onímọ̀ náà rí ibi tó le. Òfin ní kí a ka ọmọ jòjòló tí wọ́n bá rí nílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ òbí rẹ̀, sí ọmọ ìlú, àyàfi bí ẹ̀rí bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀ lónìí, kó sì ṣetán láti yí i padà lọ́la. Òfin tún sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ní ìwà rere. Ìwà kọ́ ni ẹ̀rọ ń wọ̀n. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ dáhùn ìyẹn.

Níhìn-ín ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní 2000, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 27 February 2001. Ẹ wò bó ṣe dà bí òfin Prolog. Ọmọ tí a bí sí òkèèrè di ọmọ Amẹ́ríkà láìṣe ìbúra, bí òbí rẹ̀ kan, ó kéré tán, bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ìbáà jẹ́ nípa ìbúra. Bí ọmọ náà kò bá tíì pé ọdún 18. Tó bá sì ń gbé níhìn-ín pẹ̀lú gíríìn kàádì, lábẹ́ ìtọ́jú òbí náà, lójú òfin àti ní ti gidi.

"Tàbí" kò sí láàárín wọn, "àti" ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òbí bá búra lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ pé 18, òfin yìí kò bá ọmọ náà mu mọ́. Ẹ̀yin òbí tó ń sọ pé "a ó ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀", ẹ ka ọjọ́ orí ọmọ yín lónìí. Àwa kì í ṣe lọ́yà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn, kó rí lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú.

Iṣẹ́ ilé

Lóde òní, àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ènìyàn ń bá sọ̀rọ̀ lásán, tí wọ́n sì ń gbìyànjú láti sọ ààbọ̀ di odidi. Ó dára. Àmọ́ bí ẹ bá jẹ́ kí ẹlòmíì parí ọ̀rọ̀ yín, ẹ wò ó dáadáa bóyá ọ̀rọ̀ yín náà ló parí.

Lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí òbí àti ọmọ jókòó pọ̀. Kí ọmọ fi ìnáwó oṣù kan hàn lórí kọ̀ǹpútà. Kí ó kọ òfin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fún ẹbí yín, kí ó sì tẹ ìyá àgbà láago kí ó tó sọ pé ó parí. Ọmọ tó bá mọ ohun tó fẹ́, tó sì lè sọ ọ́ láìku ẹyọ kan, kò ní sọnù sí Peachtree kankan láyé.