Awakọ̀ Ọkọ̀ Akẹ́rù àti Ìbọn ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n ń jẹun nínú iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ akẹ́rù ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò kéré lónìí. Nígbà tí wọ́n bá tẹ àwọn òbí wọn láago, ọ̀rọ̀ ewu ojú ọ̀nà ni ó máa ń ká àwọn òbí lára jù: níbo ni ẹ ń sùn? Ta ni ń ṣọ́ yín? Láti inú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè mìíràn ti ń jáde. Nígbà tí a ń gbọ́ pé ìbọn wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà bí àdá ti wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kí ni kò jẹ́ kí awakọ̀ fi ọ̀kan sábẹ́ ìjókòó rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀? Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n dájú lè ti ibi tí ó ti ń wá ààbò bọ́ sínú ẹ̀wọ̀n. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ là á yé yín lẹ́sẹẹsẹ.

Ohun tí ó ń ba awakọ̀ lẹ́rù

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni pé awakọ̀ akẹ́rù kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ ju wákàtí 11 lọ kí ó tó sinmi fún wákàtí 10. Nígbà tí wákàtí náà bá pé, ó di dandan kí ó dúró, ibi yòówù tí ó bá a. Inú ọkọ̀ náà ni ibùsùn rẹ̀ wà, lẹ́yìn ìjókòó. Bí ibùdókọ̀ ńlá bá ti kún, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tàbí ibi àdádó ni yóò sùn sí, pẹ̀lú ẹrù olówó iyebíye lẹ́yìn rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2009, awakọ̀ kan tètè dé ibi tí ó ń gbé ẹrù lọ ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Àkókò àtigba ẹrù kò ì tíì tó, ó sì lọ sùn sí ilé-epo kan tí wọ́n ti pa tì. Olè yìnbọn pa á níbẹ̀, dọ́là 7 péré ni wọ́n sì rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún ìbejì ní ọjọ́ náà. Obìnrin yìí kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ẹkún. Ó tọ àwọn aṣòfin lọ, títí tí wọ́n fi ṣe òfin kan ní ọdún 2012 tí a ń fi orúkọ olóògbé náà pè, èyí ni Òfin Jason, kí ìjọba lè máa ná owó sí àyè ìgbọ́kọ̀sí tí ó láàbò fún àwọn akẹ́rù. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: àyè ìsùn ni òfin náà wá fún awakọ̀, kì í ṣe ìbọn.

Ohun tí ìjọba àpapọ̀ wí

Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ kan tí ó wí pé, nítorí pé ènìyàn jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù, kò gbọdọ̀ ní ìbọn. Láti ọdún 1791 ni Àtúnṣe Kejì sí Ìwé Òfin Ìpilẹ̀ ilẹ̀ náà ti fún àwọn ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti ní ohun ìjà. Bí ó ti wù kí ó rí, àwọn kan wà tí òfin kọ̀ fún pátápátá. Lára wọn ni ẹni tí a ti dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ lè ju ẹ̀wọ̀n ọdún kan lọ, àti ẹni tí a ti dá lẹ́bi pé ó lu aya tàbí ará ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó ní ọmọ lẹ́yìn odi tẹ́tí sí èyí tí ó kàn wá jù. Àlejò tí ó wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìwé ìwọ̀lú onígbà díẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi bí ó bá bọ́ sínú ìyọ̀ǹda díẹ̀ tí òfin là sílẹ̀, bí irú ti ẹni tí ó gba ìwé-àṣẹ ọdẹ. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú rárá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 15. Ẹni tí ó ti gba ìwé ìgbélùú títí láé lè ní ìbọn lábẹ́ òfin yìí, ṣùgbọ́n bí ilé-ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi ọ̀ràn ìbọn kan ṣoṣo, ìjọba lè tìtorí rẹ̀ dá a padà sí ilé, ì báà jẹ́ pé ó ti lo ogún ọdún níbẹ̀, tí ó sì ti bímọ síbẹ̀.

Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn

Ìpínlẹ̀ 50 ni ó wà ní Amẹ́ríkà, olúkúlùkù ni ó sì ń ṣe òfin ìbọn tirẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 2024, ìpínlẹ̀ 29 ni ó gba àgbàlagbà tí òfin kò kọ̀ fún láyè láti gbé ìbọn ìléwọ́ pamọ́ sára láìgba ìwé-àṣẹ. Àwọn mìíràn ń béèrè ìwé-àṣẹ, wọ́n sì ń ka ti àwọn ìpínlẹ̀ kan sí. Ṣùgbọ́n New York, New Jersey àti California kì í ka ìwé-àṣẹ ìpínlẹ̀ mìíràn sí rárá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìrìn-àjò kan ṣe àpẹẹrẹ. Awakọ̀ kan gbéra ní Georgia, níbi tí kò ti nílò ìwé-àṣẹ, ó sì fi ìbọn ìléwọ́ tí ó ti ki ọta sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Yóò gba South Carolina, North Carolina, Virginia, Maryland àti Delaware kọjá kí ó tó wọ New Jersey. Ìbọn kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni, awakọ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní òwúrọ̀ lè di ọ̀ràn ńlá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní New Jersey, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 10 ni ó wà fún ẹni tí ó gbé ìbọn ìléwọ́ láìní ìwé-àṣẹ ìpínlẹ̀ náà. Gẹ́gẹ́ bí òfin wọn, ẹni tí a bá dá lẹ́bi níláti lo ọdún 3 àti ààbọ̀, ó kéré tán, kí wọ́n tó lè rò ó láti dá a sílẹ̀.

Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan pẹ̀lú, bí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró, awakọ̀ tí ó ní ìbọn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fúnra rẹ̀ kí ọlọ́pàá tó bi í. Ní àwọn mìíràn, ó di ìgbà tí wọ́n bá bi í.

Òfin ìrékọjá ti ọdún 1986

Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ mọ ìṣòro yìí, wọ́n sì ṣe òfin kan ní ọdún 1986 láti dáàbò bo arìnrìn-àjò tí ó kàn ń gba ìpínlẹ̀ kan kọjá. Àwọn ohun tí òfin náà béèrè nìwọ̀nyí: kí ó jẹ́ pé ẹni náà ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìbọn níbi tí ó ti gbéra àti níbi tí ó ń lọ, kí ó yọ ọta kúrò nínú ìbọn, kí ìbọn àti ọta má sì sí níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó wọn. Bí ọkọ̀ kò bá ní àyè ẹrù tí ó dá yàtọ̀ sí ibi tí awakọ̀ ń jókòó, inú àpótí tí a tì pa ni kí ó wà, kì í sì í ṣe àpótí kékeré iwájú ìjókòó.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbójú lé òfin yìí ju bí ó ti yẹ lọ. Èkínní, ìbọn tí a yọ ọta rẹ̀ tí a sì tì mọ́nú àpótí kò lè ran ẹni tí olè ká mọ́ ojú oorun lọ́wọ́. Èkejì, arìnrìn-àjò tí ń kọjá lọ ni òfin náà ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ akẹ́rù kì í ṣe ìkọjá lásán. Ó ń dúró, ó ń já ẹrù, ó ń gbé òmíràn, ó sì ń sùn. Bí ó bá jẹ́ pé New Jersey gan-an ni ó ń já ẹrù sí, ibi tí ó ń lọ kò fún un ní ẹ̀tọ́, ààbò náà kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 2010 ni ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ kan ṣe ìdájọ́ tí ó fi èyí hàn. Arìnrìn-àjò kan ni ọkọ̀ òfurufú fi sílẹ̀ ní Newark, ní New Jersey. Ó gbé àpótí rẹ̀, tí ìbọn wà nínú rẹ̀ ní títì pa, lọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí ó padà dé pápá ọkọ̀ òfurufú ní ọjọ́ kejì, wọ́n mú un. Ilé-ẹjọ́ wí pé ní òru náà tí àpótí wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lè tó ìbọn, nítorí náà òfin ìrékọjá kò bò ó. Kí awakọ̀ tí ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀ lálaalẹ́ fi èyí kọ́gbọ́n.

Àṣẹ ilé-iṣẹ́

Ká tilẹ̀ sọ pé òfin ìjọba gbà fún awakọ̀ ní gbogbo ọ̀nà rẹ̀, ó ku ti olówó ọkọ̀. Ẹ̀tọ́ tí Ìwé Òfin Ìpilẹ̀ fúnni, ọwọ́ ìjọba ni ó ń ká kò. Kò ka ọwọ́ agbanisíṣẹ́ kò. Ilé-iṣẹ́ akẹ́rù lè kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé awakọ̀ òun kò gbọdọ̀ gbé ìbọn sínú ọkọ̀ òun, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rú àṣẹ náà, a lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ láìsí pé a gbé e dé ilé-ẹjọ́.

Ìdí wọn kò ṣòro láti mọ̀. Bí awakọ̀ bá ṣèṣì yìnbọn lu ẹnì kan, ilé-iṣẹ́ ni a ó pè lẹ́jọ́ owó ìtánràn. Àwọn oníbàárà tí a ń kó ẹrù lọ fún pẹ̀lú lè kọ̀ pé ìbọn kò gbọdọ̀ wọ ọgbà àwọn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan, bí Florida ní ọdún 2008 àti Texas ní ọdún 2011, ṣe òfin pé òṣìṣẹ́ lè fi ìbọn rẹ̀ sínú ọkọ̀ ara rẹ̀ nígbà tí ó bá gbé e sí ọgbà iṣẹ́. Àwọn kan ti fi èyí tan ara wọn jẹ. Ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ gbé wá láti ilé ni òfin Texas ń wí. Kò kan ọkọ̀ tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó sì ni ọkọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ kan, níláti ka àdéhùn rẹ̀ dáradára, nítorí àṣẹ náà lè wà níbẹ̀.

Ní ibodè

Ní ibodè Kánádà, dandan ni kí a fi gbogbo ìbọn han àwọn aṣọ́bodè, láti oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni ìjọba ibẹ̀ sì ti dá mímú ìbọn ìléwọ́ wọlé dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Mẹ́síkò, láìsí àṣẹ àwọn ológun, ọta ìbọn nìkan tó láti sọ ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 2012, awakọ̀ akẹ́rù ará Amẹ́ríkà kan ṣì wọ Mẹ́síkò láti El Paso. Ọta tí ó jẹ́ ẹrù tí wọ́n fi rán an ni ó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Oṣù púpọ̀ ni ó lò ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó dá a sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyànjú

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí wa. Nílé níbí, láti ìgbà Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, ọdẹ tí ó ní ìbọn ṣakabùlà pàápàá níláti gba ìwé-àṣẹ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òfin kan ni ó ká gbogbo ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, awakọ̀ lè kọjá lábẹ́ òfin méje ní ọjọ́ méjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá wí pé òun fẹ́ ra ìbọn nítorí iṣẹ́ akẹ́rù, ẹ má kọ́kọ́ bá a jà, ẹ má sì kọ́kọ́ yìn ín. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Irú ìwé ìgbélùú wo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ni àdéhùn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wí? Kí sì ni òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó ń gbà kọjá wí? Bí kò bá lè dáhùn ọ̀kan nínú wọn, kí ó lọ bá agbẹjọ́rò kí ó tó ná owó rẹ̀. Kí ó sì máa mọ ibi tí òun yóò sùn kí ó tó gbéra, kí ó yẹra fún ibi àdádó, kí ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ó má sì sọ fún àlejò irú ẹrù tí ó gbé. Ìwọ̀nyí kò béèrè ìwé-àṣẹ ní ìpínlẹ̀ kankan.

Àìmọ òfin kì í ṣe àwíjàre níwájú adájọ́. Ẹrù tí awakọ̀ gbé, ó ní ẹni tí yóò san án padà bí ó bá sọnù. Ṣùgbọ́n awakọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ kò ní òmíràn.