Kì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni jẹ̀díjẹ̀dí: Bí àìsàn ìfun ṣe ń há ayé mọ́ èèyàn

Ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìkọ̀tún àti Ìgàndó, bí ẹnì kan bá ní inú ń run òun, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń bá ìgbọ̀nsẹ̀ òun jáde, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọn yóò kọ́kọ́ pè é. Wọn yóò ní ṣúgà ló jẹ jù. Alágbo yóò po tirẹ̀ fún un, wọn yóò sì ta Flagyl fún un ní kẹ́míìsì. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé kòkòrò ló fa irú ìyọnu bẹ́ẹ̀, oògùn a sì ká a. Àmọ́ àwọn kan wà tí tiwọn kì í lọ, tàbí tó bá lọ lónìí, tí yóò tún padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ọ̀rọ̀ irú wọn la fẹ́ sọ.

Àìsàn méjì ló gbajúmọ̀ jù nínú ẹ̀yà yìí. Èkíní ni ulcerative colitis, tó jẹ́ pé ìfun ńlá ló máa ń bá jà. Èkejì ni Crohn's disease, tó lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí. Orúkọ Burrill Crohn, dókítà ará New York tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1932, ni wọ́n fi pè é. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò jà, ni wọ́n ń kọjú ìjà sí ìfun fúnra rẹ̀. Ìfun a wú, a bó, a sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Àìsàn náà kì í ranni rárá.

Ọjọ́ pẹ́ tí ọ̀pọ̀ dókítà fi gbà pé àìsàn àwọn òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2012, àwọn dókítà kan tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn aláìsàn irú rẹ̀ tí wọ́n rí ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní gúúsù Nàìjíríà.

Kí ni àìsàn yìí ń gbà lọ́wọ́ èèyàn? Lọ́dún 1989, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì McMaster, ní Kánádà, gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tó ní ìbéèrè 32. Kì í ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń bi aláìsàn. Wọ́n ń béèrè bí ó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ tó, bóyá ó ń rí oorun sùn, bóyá ó ti pa òde tì nítorí inú rẹ̀, àti bóyá ẹ̀rù ń bà á pé òun kò ní rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi tóun ń lọ.

Ẹ gbé ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn wá sí Ìgàndó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ti gbọ́dọ̀ jáde ní ìdájí, kó wọ danfo, kó sì jókòó sínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ. Ìgbọ̀nsẹ̀ aláìsàn yìí kì í fúnni láyè. Bó bá ti gbọ̀n ọ́n, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù. Ta ni yóò bẹ dẹ́rẹ́bà pé kó dúró, níbo ni yóò sì sáré sí? Nítorí náà, kò ní jẹun láti alẹ́ àná. Yóò di aṣọ mìíràn sínú báàgì. Ìyá tó ń tajà lọ́jà Ìkọ̀tún yóò máa wá ẹni tí yóò bá a wo igbá, ìgbà mẹ́fà tàbí mẹ́wàá lójúmọ́. Nínú ilé tí ayálégbé púpọ̀ ti ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí, òru náà kò sì ní jẹ́ kó sinmi. Lójú tiwa, ìtìjú yìí le ju inú rírun lọ, nítorí pé kò ṣeé sọ fún ọ̀gá níbi iṣẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lọ ń mú kí ó rẹ èèyàn débi pé wọ́n á máa pè é ní ọ̀lẹ. Bó bá rù, àwọn aládùúgbò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ láàárín tọkọtaya náà kì í rọrùn mọ́, ìbànújẹ́ ọkàn sì wọ́pọ̀ láàárín wọn.

Oríkèé ara àwọn kan a tún máa ro wọ́n. Ibẹ̀ ni ewu wà, nítorí pé ibuprofen tàbí diclofenac tí wọ́n ń rà fún ara ríro lè ru àìsàn náà sókè.

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi oṣù dúró dè. Ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndó. Bó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n lè kọ̀wé fún aláìsàn lọ sí LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Wọn yóò yẹ ìgbọ̀nsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn yóò sì lè fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu wo inú ìfun rẹ̀, kí wọ́n bù díẹ̀ níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Kí aláìsàn má sọ ti ẹ̀jẹ̀ nìkan fún dókítà. Kó sọ ti oorun, ti danfo àti ti oúnjẹ tó ń sá fún pẹ̀lú, nítorí pé ara ohun tí dókítà fi ń mọ bí àìsàn náà ṣe le tó nìyẹn. Oògùn bíi sulfasalazine àti mesalazine wà fún ulcerative colitis, prednisolone sì wà fún ìgbà tí àìsàn bá ru, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá dúró lójijì láìgba àṣẹ dókítà. Wọn kì í mú àìsàn náà kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n lè mú un rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí aláìsàn lè jẹun òwúrọ̀ kó tó wọ mọ́tò.