Mímú Àwòrán Ojú-Ewé Ayélujára Bá Fóònù àti Kọ̀ǹpútà Mu

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí àwòrán tí olùkọ́ gbé sórí ojú-ewé ayélujára ṣe lè bá ojú ẹ̀rọ tó fẹ̀ àti èyí tó kéré mu. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí fóònù ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ń kàwé, owó ara wọn ni wọ́n sì fi ń ra dátà.

Ní ọdún 2010 ni Ethan Marcotte ní Amẹ́ríkà kọ àpilẹ̀kọ tó sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀. Ìlà kóòdù kan, max-width: 100%, ni ó ń sọ fún àwòrán pé kó má fẹ̀ ju àyè rẹ̀ lọ. Bí a bá fi height: auto tì í, àwòrán náà kò ní gùn gbọọrọ.

Ṣùgbọ́n pé àwòrán kéré lójú kò sọ pé ẹrù rẹ̀ fúyẹ́. Èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 3000 lè hàn bíi páálí ìṣáná lórí fóònù, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni fóònù yóò gbé wọlé. Ibẹ̀ ni dátà ń bá lọ. Àtúnṣe rẹ̀ ni srcset: a ó ṣe ẹ̀dà àwòrán náà ní ìbú 480, 800 àti 1600, a ó sì fi sizes sọ bí àyè rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Bùráúsà ni yóò mú èyí tó tọ́. Bí àwòrán bá gba gbogbo ìbú fóònù tó jẹ́ 360, tí fóònù náà sì ń lo píksẹ́lì méjì fún ẹyọ kan, 720 ni ó nílò. Ẹ̀dà 800 ni yóò sábà mú.

Ti àwa olùkọ́ Yorùbá tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa ya fọ́tò ojú-ewé ìwé, a ó sì gbé e síta bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sún kì lórí fóònù, àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn ni a kọ́kọ́ ń pàdánù: oko àti ọkọ á di ọ̀kan náà, ọkọ́ àti ọkọ̀ náà á dàpọ̀. Srcset kò lè gba irú èyí là. Kí a tẹ ọ̀rọ̀ náà ni ó dára jù. Àwòrán ẹ̀yà ara ìfọ̀ ńkọ́? Ìyẹn kò ṣeé tẹ̀. Picture ni a ó lò fún un, kí kọ̀ǹpútà fi orí àti ọrùn hàn lódindi, kí fóònù sì gba ẹ̀dà mìíràn tó fi ẹnu nìkan hàn, tí a fi lẹ́tà ńlá kọ ahọ́n àti àjà ẹnu sí.