Ásímà, aago mẹ́rin òru àti kọ́ìlì ẹ̀fọn

Ọyẹ́ ti dé sí Kabba, eruku ti bo fóònù mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Èmi àti ásímà, tí àwọn ìyá wa ń pè ní ikọ́ fée, ti jọ wà láti kékeré, mo sì mọ aago mẹ́rin òru dáadáa.

Àsìkò yẹn ni ọ̀nà èémí máa ń fún jù lára gbogbo èèyàn. Ẹni tí tiẹ̀ ti wú tẹ́lẹ̀ ló ń mọ̀ ọ́n lára: àyà á fún, á máa dún fíì-fíì, oorun á fò lọ.

Àwa náà tún ń dá kún un. A ó ti fèrèsé nítorí eruku, a ó tan kọ́ìlì ẹ̀fọn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2003 fi hàn pé eruku èéfín tín-ín-tìn-ìn-tín tí kọ́ìlì kan ń tú jáde lè tó ti sìgá 75 sí 137. Nínú yàrá kan! Mo ti kó tèmi dànù, inú àwọ̀n ni mo ń sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ooru ń mú òun níbẹ̀. Nínú ọyẹ́ kẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ gbára lé ìnhélà búlúù nìkan, wákàtí mélòó kan ló fi ń la ọ̀nà èémí. Kò wo wíwú inú rẹ̀. Láti 2019 ni àjọ GINA, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ásímà fún gbogbo ayé, ti ní kí àgbà àti ọ̀dọ́ má lo òun nìkan mọ́. Bí ikọ́ bá ń jí yín lóru, ẹ sọ fún dókítà, ẹ béèrè èyí tó ń wo wíwú. Bí ẹ bá fà á tí èémí kò dẹ̀, tí ẹ kò lè sọ gbólóhùn kan tán, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó lọ sí ọsibítù.