Síkéèlì Kò Mọ Ìyàtọ̀ Láàrin Omi àti Ọ̀rá

Ohun tí a sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí la kọ sílẹ̀ níbí, fún ẹ̀yin tí dátà yín ti ń lọ sópin àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa kà á nínú dánfó. Bárúwà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ní Alímọ̀ṣọ́ níbí.

Láti ọdún 2016 tí Lagos City Marathon ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń jí ní ìdájí láti múra fún eré náà. Kìlómítà 42 àti díẹ̀ lé kì í ṣe eré ọmọdé. Ìbéèrè kan sì wà tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń múra: "Mo ń sáré, mo ń làágùn, kí ló dé tí mo tún ń wúwo sí i?" Ẹlòmíì á sáré tán láàárọ̀ Sátidé, á gun síkéèlì, á rí i pé kílò kan àtààbọ̀ ti lọ. Inú á dùn. Nígbà tó bá fi máa di àárọ̀ Mọ́ńdè, gbogbo rẹ̀ ti padà. Ló bá ní òun ò jẹun alẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Omi wúwo

Kò sẹ́ni tó máa kọ́ ará Bárúwà pé omi wúwo. Láti àwọn ọdún 1990 ni bẹntiróòlù tó jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti wọ inú kànga ládùúgbò yìí, ọ̀pọ̀ ilé ló sì jẹ́ pé ríra ni wọ́n ń ra omi, tí wọ́n ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé e. Lítà omi kan, kílò kan ni. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25, kílò 25 ni, ká má tíì ka kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Píọ̀ wọ́tà kan tó jẹ́ ìdajì lítà, ìdajì kílò nìyẹn. Bí ẹ bá mu méjì báyìí tí ẹ tún gun síkéèlì, kílò kan ti lé. Ṣé ẹ ti sanra ni? Rárá o. Síkéèlì kàn ń ka gbogbo ohun tó bá wà lórí rẹ̀ ni: egungun, ẹran ara, ọ̀rá, omi, àti ẹ̀bà àná tí kò tíì jáde.

Kílò kan àtààbọ̀ ọjọ́ Sátidé, níbo ló lọ?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹni tó bá ń sáré máa ń lo bíi kálórì kan fún kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wọn kílò 70, tó sá kìlómítà 10, á lo bíi kálórì 700. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kílò ọ̀rá ara kan ní bíi kálórì 7,700 nínú. Ká tiẹ̀ sọ pé ọ̀rá nìkan ni ara jó nínú eré yẹn, tí kì í sì í rí bẹ́ẹ̀, kò tó gíráàmù 100. Òógùn ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ohun tó lọ. Bí ẹ bá sì ti mu omi, tí ẹ jẹun, á padà. Ó sì yẹ kó padà.

Kí ló ń gbé e sókè?

Àkọ́kọ́ ni epo tí ara ń fi sáré. Ìrẹsì, ẹ̀bà, iṣu, àmàlà, búrẹ́dì, gbogbo wọn ni ara máa ń sọ di ṣúgà, tó sì máa ń tọ́jú díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Glycogen ni wọ́n ń pè é. Gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ máa ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mú. Ẹni tí iṣan rẹ̀ bá kún dáadáa lè ní bíi gíráàmù 500. Tí ẹ bá ro omi rẹ̀ mọ́ ọn, kílò méjì nìyẹn, ìwọ̀n píọ̀ wọ́tà mẹ́rin. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí eré tó wáyé, tí ẹ dín sísáré kù, tí ẹ sì ń jẹ oúnjẹ afúnnilágbára dáadáa, ìwọ̀n ara máa ń lọ sókè. Táǹkì yín ló ń kún. Ẹni tó bá rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í febi pa ara rẹ̀ ń fa epo jáde nínú mọ́tò tó fẹ́ wọ ọ̀nà ìrìn àjò.

Ìkejì ni iyọ̀. Ẹ jẹ súyà àti Indomie lálẹ́, ara á di omi mú títí kíndìnrín á fi yọ iyọ̀ tó lé dànù. Ìkẹta ni ìrora ẹsẹ̀ lẹ́yìn eré gígùn: iṣan tó farapa díẹ̀díẹ̀ máa ń wú, omi á sì dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ̀ pé bí nǹkan oṣù bá ti ń sún mọ́lé, ara ẹlòmíì máa ń di omi mú. Kò sí ọ̀rá tuntun nínú gbogbo èyí.

Ewu tó wà nínú ebi

Ẹni tó bá ń fi sáré kún sáré, tó sì ń yọ oúnjẹ kúrò torí ohun tí síkéèlì sọ, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ilẹ̀kùn kan pa kó lè rí agbára lò. Nǹkan oṣù obìnrin lè dúró. Egungun lè lẹ́, kó sán. Ara á máa rẹ̀ ẹ́, òtútù kékeré á dá a dúbúlẹ̀. Ó ń ṣe ọkùnrin náà. Ní ọdún 2014, ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé fún ìṣòro yìí lórúkọ: RED-S.

Ewu tó wà nínú omi

Èyí ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ní ọdún 2002, obìnrin ẹni ọdún 28 kan, Cynthia Lucero, ṣubú níbi Boston Marathon ní Amẹ́ríkà, ó sì kú. Òùngbẹ kọ́ ló pa á. Ohun mímu tó mu ti pọ̀ jù, ó sì ti fọ́ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú, ọpọlọ rẹ̀ bá wú. Níbi eré kan náà yẹn, àwọn olùwádìí yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn 488 wò lẹ́yìn tí wọ́n sáré tán. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ti dín kù jù lára ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àwọn tí ewu náà sì wọ́pọ̀ sí jù ni àwọn tó wúwo sí i nígbà tí wọ́n parí eré ju ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, nínú ooru Èkó, ẹ mu omi bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ yín. Ẹ má torí pé wọ́n ń pín in lójú ọ̀nà kí ẹ máa gba gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ẹni tí orí ń fọ́, tó ń bì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara mọ́, ẹ lè da omi tútù sí i lára, ṣùgbọ́n ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu. Ẹ sáré pe àwọn oníṣègùn.

Bí síkéèlì ṣe lè ṣe yín lóore

Ẹ gùn ún láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ti ilé ìtura dé, kí ẹ tó fẹnu kan nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà méje. Ìyẹn ni kí ẹ fi wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ti ọjọ́ kan ṣoṣo kò sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ara yín kí ẹ tó sá eré gígùn àti lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní kílò 72 lẹ jẹ́ kí ẹ tó jáde, ẹ padà dé pẹ̀lú kílò 70.8, ẹ sì mu píọ̀ wọ́tà kan lọ́nà. Kílò 1.2 tó lọ àti ìdajì lítà tí ẹ mu, ó di bíi lítà 1.7 tí ẹ fi làágùn. Bó bá jẹ́ pé ẹ wúwo sí i nígbà tí ẹ dé, omi tí ẹ mu ti pọ̀ jù.

Bí ìwọ̀n bá ń já wálẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ wá bẹ́ẹ̀, bí nǹkan oṣù bá dúró, tàbí tí ẹsẹ̀ bá wú tí kò fà, ẹ lọ rí dókítà. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹun yín kí ẹ sì sáré yín.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ jọ ń sáré lórí WhatsApp, pàápàá ẹni tó ti ń yọ oúnjẹ alẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.