Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Owó tó wà nínú gẹdú

Láti 1976 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó odindi gẹdú lọ sókè òkun. Àmọ́ igbó kò sinmi. Àwọn agégẹdú ṣì ń wọ igbó ọba Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Olúwa ní Oǹdó.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé igi gidi ń tán. Ìrókò àti ọ̀gànwó ń lo ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tó gé. Ta ló fẹ́ gbin ohun tó jẹ́ pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yóò tà á?

Ìdí nìyí tí igi gmelina, tó máa ń yára dàgbà, fi ṣe pàtàkì. Ìjọba gbìn ín rẹpẹtẹ sí igbó méjèèjì yìí kí ilé iṣẹ́ ìwé tó wà ní Ìwópin lè rí igi lò. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, igi sì dàgbà tán. Pákó ni wọ́n wá ń là á sí báyìí. Bí wọ́n bá gé e, kùkùté rẹ̀ tún máa ń hù.

Ìṣòro kejì wà ní ilé ìlagi: ẹ̀rọ àtijọ́ ń fi igi ṣòfò, epo dísẹ́ẹ̀lì sì wọ́n. Ìyẹ̀ igi tí wọ́n ń dáná sun l'Ékòó ṣeé tẹ̀ di èédú ìdáná tàbí pátákó àga. Lójú tèmi, owó ni wọ́n ń sun.

Ní ti ẹni tó fẹ́ gbin igi, àgbẹ̀ tó bá gbin igi tíkì lè ta àwọn tó bá gé láti dín igi oko rẹ̀ kù fún òpó iná, kí èyí tó kù tó gbó.